Aago Àtijọ́ Nínú Ilé Tọkọtaya: Ìmọ̀, Ìfohùnṣọ̀kan àti Ogún

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tọkọtaya yín kọ̀wé sí mi nípa àjọ̀dún yìí, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan tí ọkọ àti aya lè jọ fi ìfẹ́ ṣe, yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àti ilé kíkọ́ tí ó máa ń gba gbogbo ìjókòó wa. Mo yan aago ọwọ́. Kì í ṣe aago tuntun tí ó wà nínú gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe aago olówó iyebíye ti àtijọ́, èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ní ogójì, ọgọ́ta tàbí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, tí ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Bí tọkọtaya bá fẹ́ kó irú aago bẹ́ẹ̀ jọ, ìmọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ jọ wá, kí ìfohùnṣọ̀kan tẹ̀lé e, kí owó sì kẹ́yìn. Ilé tí ó bá yí ètò yìí padà yóò ní aago lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní jèrè rẹ̀. Màá fi ìtàn, iṣẹ́ inú aago, àpẹẹrẹ tọkọtaya tí ayé mọ̀, àti ìmọ̀ràn tí a lè mú lò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Ta ló kọ́kọ́ so aago mọ́ ọwọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nǹkan ọkùnrin ni aago olówó ńlá, pé ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí ni ti obìnrin. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọdún 1810, Caroline Murat, ayaba ìlú Naples tí ó jẹ́ àbúrò Napoleon, ní kí Abraham-Louis Breguet ní Paris ṣe aago kan fún òun tí òun lè so mọ́ ọwọ́. Ọdún 1812 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní 1868, ilé-iṣẹ́ Patek Philippe ní Geneva ṣe aago ọwọ́ fún obìnrin ọlọ́lá kan ní Húńgárì, Countess Koscowicz. Ní gbogbo àkókò yìí, inú àpò ni ọkùnrin ń fi aago tirẹ̀ sí, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á so mọ́ ẹ̀wù. Ọkùnrin tí ó bá so aago mọ́ ọwọ́ nígbà náà, wọ́n á ní ó gbé ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin wọ̀.

Iṣẹ́ àti ogun ló yí ọkùnrin lọ́kàn padà. Alberto Santos-Dumont, ọmọ Bùràsíìlì tí ó ń fi bàlúù fò lójú ọ̀run Paris, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Louis Cartier pé òun kò lè máa fa aago yọ lápò nígbà tí ọwọ́ òun méjèèjì bá wà lára ẹ̀rọ. Ní 1904, Cartier ṣe aago ọwọ́ fún un, ní 1911 ni irú rẹ̀ dé ọjà. Lẹ́yìn náà ni ogun 1914 sí 1918 dé. Ọmọ ogun tí ó wà nínú kòtò pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ kò ráyè ki ọwọ́ bọ àpò. Nígbà tí àwọn tí ó yè bọ̀ padà sílé, aago wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ní 1917 tí ogun náà ń lọ lọ́wọ́, Louis Cartier ya aago Tank, ó wo ìrísí ọkọ̀ ogun onírin fi ya á. Láti 1919 tí ó ti dé ọjà ni ọkùnrin àti obìnrin ti jọ ń lò ó.

Mo mú ìtàn yìí wá kí ìyàwó kankan má bàa jókòó sẹ́yìn nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ aago, bí ẹni pé àlejò ni nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rí mìíràn tún wà lára aago fúnra rẹ̀. Aago ọkùnrin ayé àtijọ́ kéré. Patek Philippe Calatrava 96 tí ó jáde ní 1932 kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 31 lọ. Rolex Datejust ti 1945 jẹ́ mílímítà 36. Lóde òní, ọ̀pọ̀ aago ọkùnrin ti kọjá 40. Nítorí náà, aago tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin ní 1950 yóò jókòó dáadáa lọ́wọ́ obìnrin lónìí. Ọkọ lè wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí ìyàwó wọ̀ ọ́ lọ sóde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Aago kan ṣoṣo, ọwọ́ méjì. Ìdí àkọ́kọ́ nìyí tí aago àtijọ́ fi yẹ tọkọtaya ju aago tuntun lọ.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a kò lè mọyì ohun tí a kò mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Aago àtijọ́ kò ní bátìrì. Nígbà tí a bá yí orí rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ká bí ìgbín, tí à ń pè ní sípíríǹgì, ni à ń fún mọ́ra nínú. Irin yìí fẹ́ tú ara rẹ̀ sílẹ̀, agbára tí ó fi ń tú ni ó sì ń ti àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó ń gbé ọwọ́ aago kiri. Bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò tú tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yà kékeré kan tí ó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, tí ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀ ní eyín kọ̀ọ̀kan, àti kẹ̀kẹ́ mìíràn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láti mú ìwọ̀n àkókò náà dọ́gba. Ìdádúró àti ìjọ̀wọ́ yìí ni ìró tí à ń gbọ́ bí a bá gbé aago sétí. Nínú ọ̀pọ̀ aago àtijọ́, kẹ̀kẹ́ yẹn ń mi ní ìgbà 18,000 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Níbi tí irin bá ti ń yí lórí irin, yóò jẹ ara rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi òkúta rúbì kékeré sí àwọn ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń yí, kí ó lè máa yọ̀ geere. Ní 1931, Rolex fi irin abọ́ kan sínú aago rẹ̀ tí ó ń yí bí ọwọ́ ẹni bá ti ń mì, tí ó sì ń fún agbára mọ́ ọn láìjẹ́ pé ènìyàn ń yí orí rẹ̀ láràárọ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ibi tí ọgbọ́n ọmọ ènìyàn dé, ẹ gbọ́ ti ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Jaeger-LeCoultre lónìí ṣe ní 1929, tí wọ́n ń pè ní Calibre 101. Ẹ̀yà 98 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù kan lọ. Aago tí ẹ̀rọ yìí wà nínú rẹ̀ ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé e ládé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1953. Ènìyàn ló fi ọwọ́ to àwọn ẹ̀yà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní wo aago bí ohun tí ó kàn ń dán lọ́wọ́ mọ́.

Ọdún tí wọ́n fẹ́ sin aago onísípíríǹgì láàyè

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Seiko gbé aago Astron jáde ní Tokyo. Bátìrì àti òkúta quartz ló ń gbé e rìn, ó sì ń mú àkókò ju aago onísípíríǹgì èyíkéyìí lọ. Owó tí ó tó ra mọ́tò kékeré ni wọ́n ń tà á nígbà tí ó jáde, ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀ irú rẹ̀ ti di pọ́ọ́kú. Ìjì tí èyí dá sílẹ̀ wó ilé púpọ̀ ní Swítsálandì. Ní 1970, nǹkan bí ènìyàn 90,000 ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ aago níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1980 sí 1989, wọn kò ju nǹkan bíi 30,000 lọ. Ilé-iṣẹ́ tìpa, ọ̀pọ̀ aago oníwúrà sì bọ́ sínú iná alágbẹ̀dẹ tí ó fẹ́ wúrà ara rẹ̀ nìkan.

Nínú ìdààmú yẹn ni ọkùnrin kan ti ṣe ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń kó ohun àtijọ́ jọ fi sọ́kàn. Charles Vermot ni orúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Zenith ní ìlú Le Locle ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1975, àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ni ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú aago onísípíríǹgì. Vermot kò fara mọ́ ọn. Ó kó àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ onísípíríǹgì tí wọ́n ń pè ní El Primero lọ sí àjà, ó sì kọ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n sílẹ̀ létòlétò. Nígbà tí ayé tún fẹ́ ẹ̀rọ náà ní àárín ọdún 1980 sí 1989, irinṣẹ́ wà nílẹ̀, ìwé wà nílẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti 1988, Rolex pàápàá ra ẹ̀rọ náà fún aago Daytona rẹ̀, ó sì lò ó fún ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ohun tí Vermot fi pamọ́ kò dán, kò sì sí ẹni tí ó ń wá a nígbà náà. Ìmọ̀ tí ó ní nípa rẹ̀ ló jẹ́ kó mọ̀ pé kò yẹ kó parun.

Ẹwà ọjọ́ orí

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìdí ọ̀rọ̀ aago àtijọ́ wà nínú òwe yìí. Ẹ wo sányán tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ sínú àpótí. Àwọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tí ó kúrò lórí òfì, síbẹ̀ kò sí ọmọ gidi tí yóò kó o fún aláró kó tún un rẹ. Bákan náà ni ojú aago. Oòrùn a máa sọ ojú aago dúdú di àwọ̀ ilẹ̀, àmì funfun tí ó ń tàn lóru a sì di pupa rúsúrúsú bí ọ̀rá màlúù. Àwọn tí ó mọ aago ń san owó gegere fún irú àyípadà bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ló fà á, tí kò sì sí ọwọ́ ẹlẹ́tàn níbẹ̀.

Ohun tí ó ń ba aago àtijọ́ jẹ́ jù ni ìfẹ́ kí ó dà bí tuntun. Ẹnìkan á gbé aago baba rẹ̀ lọ fún oníṣẹ́, á ní kó kun ojú rẹ̀, kó fi ẹ̀rọ ha ara rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Igun tí oníṣẹ́ Geneva fi ọgbọ́n gé á parẹ́, lẹ́tà ojú rẹ̀ á wọ́, ohun tí ó ṣẹ́ kù kò sì ní jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tí ó mọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fọ ẹ̀rọ inú aago, kó yí òróró rẹ̀ padà, kó pààrọ̀ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ojú àti ara rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe fi í sí.

Tọkọtaya tí aago so pọ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ méjì wá.

Paul Newman, òṣèré Amẹ́ríkà, àti Joanne Woodward, tí òun náà jẹ́ òṣèré ńlá, ṣe ìgbéyàwó ní 1958. Newman fẹ́ràn ìdíje ọkọ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó gbé ipò kejì níbi ìdíje Le Mans ní 1979. Ìyàwó rẹ̀ kò fi ara balẹ̀ nígbà tí ó bá wà lórí eré. Ó ra Rolex Daytona kan fún un, irú èyí tí ọjà rẹ̀ kò yá nígbà náà nítorí ojú rẹ̀ tí kò bá ojú mu, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀. Newman wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1984, ó fi ta ọmọkùnrin kan tí ó ń fẹ́ ọmọ wọn Nell lọ́rẹ, nítorí pé ọmọ náà kò ní aago lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n ta aago yẹn ní gbàǹjo Phillips ní New York, ní dọ́là 17,752,500. Kò sí aago ọwọ́ tí wọ́n tíì ta tó bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo títí di ọjọ́ yẹn.

Kí ló gbé e débẹ̀? Irin lásán ni ara aago náà, kò sí wúrà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìtàn tí ó hàn gbangba pé òótọ́ ni, àti pé kò sí ẹni tí ó tún ojú rẹ̀ kùn, ni ó gbé e débẹ̀. Tọkọtaya náà jọ wà fún àádọ́ta ọdún, títí Newman fi papò dà ní 2008.

Àpẹẹrẹ kejì ni Hans Wilsdorf, ẹni tí ó dá Rolex sílẹ̀. Ọmọ Jámánì ni, ọmọ òrukàn láti kékeré. Ní 1905 ni ó bẹ̀rẹ̀ òwò ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Alfred Davis. Ní 1926, ó ṣe aago Oyster tí omi kì í wọ̀. Nígbà tí ó fẹ́ kí ayé gbà á gbọ́, obìnrin ló jẹ́rìí fún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1927, Mercedes Gleitze, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé aago náà kọ́rùn wọ inú òkun tí ó wà láàárín Ìlú Ọba àti Faransé. Ó lo ju wákàtí mẹ́wàá lọ nínú omi tútù náà, aago sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n fà á jáde. Ìyàwó Wilsdorf kú ní 1944. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Wilsdorf dá àjọ kan sílẹ̀, ó sì ṣètò pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ náà di ti àjọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má lè fọ́n ọn ká lẹ́yìn òun. Ó kú ní 1960. Títí di òní, àjọ náà ló ni Rolex, ó sì ń ná owó lórí iṣẹ́ àánú ní Geneva.

Ẹni tí ó bá ní ohun iyebíye tí kò sì ṣètò ọ̀nà tí yóò gbà kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ìjà ló kó jọ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ń bọ̀ wá sórí èyí.

Bí tọkọtaya ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀kíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Àwọn bàbá wa tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá, ọ̀pọ̀ wọn gba aago nígbà tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì, orúkọ wọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà mìíràn. Omega, Tissot, Rado, Longines: wọ́n wà nínú àpótí káàkiri ilé wa, láàárín ìwé ilẹ̀ àti fọ́tò ìgbéyàwó. Nínú ilé tiwa, Omega bàbá ọkọ mi ni a fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí aago tí ẹ lè fi owó rà tí ó lè ní ìtàn tí ó sún mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí tàbí-ṣùgbọ́n nípa ẹni tí ó ni ín.

Ẹ̀kejì, ẹ mú ilé-iṣẹ́ kan tàbí sáà kan, kí ẹ jọ kọ́ ọ dójú àmì kí owó tó jáde. Ẹ jọ kàwé, ẹ jọ wo àwòrán ojú aago tòótọ́ títí ojú yín yóò fi mọ ayédèrú. Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Patek Philippe, bí àpẹẹrẹ, ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ aago tí ó ti ṣe, ó sì máa ń gba owó láti fún ẹni tí ó ni aago ní ìwé tí ó sọ ọdún tí wọ́n ṣe aago rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n tà á. Ẹ tún mọ̀ pé àwọn kan máa ń kó ẹ̀yà aago mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, ojú ti èyí, ẹ̀rọ ti ìyẹn, wọ́n á sì tà á bí ọ̀kan tí kò lábùkù. Ẹ má ra aago tí ẹni tó ń tà á kò jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀rọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ pín iṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọkọ mi ló máa ń yẹ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wò. Èmi ni mo máa ń yẹ ojú rẹ̀ wò: bí lẹ́tà ṣe tò, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe bá àmì ojú rẹ̀ mu ní àwọ̀. Bí ẹnìkan nínú wa bá sọ pé rárá, rárá ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó kí ẹ tó rí aago, nítorí pé bí aago bá ti wà lọ́wọ́, ojú kì í ríran dáadáa mọ́. Aago tí ọkọ rà tí ìyàwó kò mọ̀, tàbí tí ìyàwó rà tí ọkọ kò mọ̀, gbèsè ni nínú ilé, ì báà jẹ́ pé owó rẹ̀ ti pé. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Ẹ má yá owó ra aago. Ẹ má sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tí ó bá ní iye rẹ̀ kò lè wálẹ̀ láé. Iye ọ̀pọ̀ aago olókìkí fò sókè títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ tí ó rà nítorí èrè nìkan sì pàdánù. Ẹni tí ó rà á nítorí ìfẹ́ ṣì ní ohun tí ó fẹ́ràn lọ́wọ́.

Ìtọ́jú àti ewu

Ojú ọjọ́ wa kún fún ọ̀rinrin àti ooru, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọ̀tá aago àtijọ́. Rọ́bà tí ó ti gbó kò lè dá omi dúró, ohun yòówù tí wọ́n ì báà kọ sí ojú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wọ̀ ọ́ wẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ wọ inú odò. Ẹ jẹ́ kí lọ́fínńdà gbẹ lára kí ẹ tó so ó. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ agbóhùn àti ohunkóhun tí ó ní irin òòfà. Ẹ má jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ títí láìṣiṣẹ́, kí òróró inú rẹ̀ má bàa dì. Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún síra wọn, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ aago tí ó mọṣẹ́.

Ewu kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Títí di nǹkan bíi 1960 sí 1969, radium, ohun olóró kan, ni wọ́n fi ń kun àmì tí ó ń tàn lóru. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ yìí ní New Jersey ní Amẹ́ríkà ń fi ẹnu pọ́n búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kùn ún, wọ́n sì gbé oró náà mì. Egungun àgbọ̀n wọn jẹrà, ọ̀pọ̀ kú. Márùn-ún nínú wọn pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 1927, ẹjọ́ wọn sì wà lára ohun tí ó mú kí òfin ààbò òṣìṣẹ́ múlẹ̀ lẹ́yìn náà. Radium a máa lo nǹkan bí ọdún 1,600 kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Nítorí náà, bí aago àtijọ́ kò bá tàn mọ́, kò túmọ̀ sí pé oró ti kúrò nínú rẹ̀. Ẹ má ṣí i fúnra yín, ẹ má ha ojú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Ogún

Òwe àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ilé ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni aago rí, aago sì rọrùn láti tà ju ilé lọ, nítorí pé inú àpò ló ń gbé. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń kọ: orúkọ aago, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tí ẹ ti rà á, iye tí ẹ rà á, ẹni tí ó tún un ṣe àti ọdún tí ó ṣe é, àti ìtàn rẹ̀. Ẹ pe ọmọ yín jókòó, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹni tí yóò jogún aago kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìhágún, níwájú agbẹjọ́rò. Aago tí kò ní ìwé, tí ọmọ kò mọ ìtàn rẹ̀, iye irin ara rẹ̀ ni wọn yóò tà á lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti fẹ́ parí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ aago tí ó jókòó sí ẹ̀bá títì àti inú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ní àwọn ìlú wa, tí wọ́n fi gíláàsì sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́. Láìsí wọn, ọ̀pọ̀ aago baba wa ì bá ti kú. Ẹ máa san owó wọn pé, ẹ sì rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi tí ó jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, ẹni tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Kí oṣù yìí tó parí, kí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbí ṣí àpótí òbí wọn, kí wọ́n mú aago tí ó bá wà níbẹ̀ jáde, kí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Aago mìíràn tí ẹ bá sì fẹ́ rà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má san kọ́bọ̀ lé e lórí títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi jọ yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ ó sì jọ ní bẹ́ẹ̀ ni.